ÌKA TÁYÉWÒ ÀTI ÌKA KẸ́HÌNDÉ: Ìtàn Bí A Ti Ń Dá Ènìyàn Mọ̀, Láti Ayé Ilà Ojú Títí Dé Ayé Ẹ̀rọ

Nígbà tí olóòtú ìwé ọdọọdún yìí ní kí n kọ ìtàn kan fún òun, mo rò pé ìtàn ìtẹ̀dó tàbí ti ogun ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn tí ó mọ̀ jù mí lọ ti kọ ìyẹn. Ìtàn tí èmi fẹ́ kọ ni ti ìka ọwọ́ ènìyàn, àti bí ó ti di ohun tí ilé-ẹ̀kọ́, ọlọ́pàá àti ọgbà ẹ̀wọ̀n fi ń mọ ẹni tí a jẹ́. Ọ̀ràn kan tí ó ṣẹlẹ̀ lójú mi ni ó mú mi ronú sí i.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìbejì ọkùnrin kan wà nínú kíláàsì mi ní Ìgbó-Ọrà. Wọ́n jọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ohùn ni mo fi ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, nítorí ohùn Kẹ́hìndé wúwo díẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ kan náà fún ìdánwò kan tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ka ṣe. Akọ̀wé tí ó jókòó ti ẹ̀rọ náà, bóyá nítorí èrò tí ó pọ̀ ni o, bóyá nítorí iná tí ń lọ tí ń bọ̀ ni, gba ìka Táyéwò sábẹ́ orúkọ Kẹ́hìndé, ó sì gba ti Kẹ́hìndé sábẹ́ orúkọ Táyéwò. Ó ya àwòrán wọn pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí ó fura, nítorí àwòrán èkínní kò yàtọ̀ sí èkejì. Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò Táyéwò pé, ó gbé ìka lé ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ó nu ọwọ́, ó tún gbé e lé e, ó tún kọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí ó máa lọ sí ilé.

Ìdánwò ti Kẹ́hìndé ku ọjọ́ méjì. Bàbá wọn, tí kò kàwé púpọ̀ ṣùgbọ́n tí orí rẹ̀ pé, ni ó kọ́kọ́ rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ó wá bá mi ní alẹ́, ó ní: "Tíṣà, ṣé ẹ ò rí i pé bí Táyéwò bá lọ jókòó ní àyè Kẹ́hìndé, ẹ̀rọ yóò gbà á wọlé? Ìka rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ náà sì ni." Òótọ́ ni ó sọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé kalẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe ìdánwò fún ẹlòmíràn ni yóò gba ẹni tí ó fẹ́ ṣe é fún ẹlòmíràn wọlé, tí yóò sì lé ẹni tí ó ni orúkọ padà. Ẹnu mi wọ. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Dídá ènìyàn mọ̀ nípa àmì ara kì í ṣe ohun tuntun láàrin wa. Ní ayé àtijọ́, ilà ojú ni ìwé ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá rí àbàjà, gọ̀m̀bọ́, pélé tàbí kẹ́kẹ́ lójú ènìyàn yóò mọ ìhà ibi tí onítọ̀hún ti wá. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, to àwọn ilà wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ sínú rẹ̀. Àní àwọn agbẹ́gilére a máa fín ilà ìdílé sí ojú ère ìbejì, kí ó lè hàn pé ọmọ ilé náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Ilà kò sọ pé lágbájá nìyí; ohun tí ó ń sọ ni pé ọmọ ilé lágbájá nìyí. Ilà kan náà ni wọn yóò kọ fún Táyéwò àti Kẹ́hìndé. Ìyẹn sì tó, ní ayé tí olúkúlùkù ń gbé láàrin àwọn tí ó wo bí a ti bí i.

Nígbà tí ogun fọ́n àwọn ènìyàn wa ká, àwọn àjèjì náà kọ àmì ara wa sílẹ̀. Ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, níbi tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lọ láti 1808, akọ̀wé a máa fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, a kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ àti bí ó ti ga tó, àti, nínú púpọ̀ nínú àwọn ìwé náà, ilà àti àpá tí ó wà lára rẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó ní Òṣogùn ní 1821, ìlú kan tí kò jìnnà sí wa ní ìhà Ìsẹ́yìn, gúnlẹ̀ sí ibẹ̀ ní 1822. Bí akọ̀wé bá ti gbọ́ orúkọ sí ni yóò kọ ọ́. Bí ó bá ṣì í gbọ́, àṣìgbọ́ náà ni ó di orúkọ ẹni náà nínú ìwé ìjọba. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó tún ń bọ̀ níwájú.

Ìtẹ̀ka gan-an gba ilẹ̀ Íńdíà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1858, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan ní Bengal, William Herschel, ní kí agbaṣẹ́ṣe kan tí ń jẹ́ Rajyadhar Konai tẹ gbogbo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sára ìwé àdéhùn, kí ó má baà sẹ́ ẹ bó dọ̀la. Ní 1880, dókítà ará Scotland kan tí ń ṣiṣẹ́ ní Japan, Henry Faulds, kọ̀wé pé ìlà ìka lè tú àṣírí ọ̀daràn. Ní 1892, Francis Galton tẹ odidi ìwé jáde lórí rẹ̀. Ní ọdún yìí kan náà, ní Argentina, ìka tí ó fi ẹ̀jẹ̀ tẹ ara ilẹ̀kùn ni ó fi hàn pé ìyá kan, Francisca Rojas, ni ó pa àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, lẹ́yìn tí ó ti di ẹ̀bi náà lé ẹlòmíràn lórí.

Ìṣòro tí ó kù ni bí a óò ti rí ìka kan ṣoṣo láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwọn ọmọ Íńdíà méjì, Azizul Haque àti Hem Chandra Bose, ni wọ́n ṣe iṣẹ́ pípín ìka sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ọ̀gá wọn, Edward Henry, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ètò náà. (Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá rí, ẹ ó mọ bí irú nǹkan báyìí ti ń rí.) Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀ka sílẹ̀ ní Calcutta ní 1897, ọlọ́pàá London gbà á ní 1901, ó sì bá ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì lọ sí àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, tiwa pẹ̀lú.

Kí ìtẹ̀ka tó gbilẹ̀, wíwọn ara ni wọ́n ń lò. Alphonse Bertillon, akọ̀wé ọlọ́pàá ní Paris, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 1882: ó ń wọn orí, apá, ìka àárín àti ẹsẹ̀ àwọn arúfin, kí ó lè mọ àwọn tí ń pààrọ̀ orúkọ. Ìtàn kan wà tí àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà fẹ́ràn láti máa sọ nípa ọgbà ẹ̀wọ̀n Leavenworth ní 1903. Wọ́n mú aláwọ̀ dúdú kan dé, Will West. Akọ̀wé wọn ara rẹ̀, ó yẹ àpótí wò, ó sì rí káàdì William West: ojú kan náà, ìwọ̀n tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba. Akọ̀wé ní, "O ti wá síbí rí." Ọkùnrin náà ní òun kò dé ibẹ̀ rí. Àṣé William West wà nínú ọgbà náà ní àkókò yẹn, tí ó ń ṣẹ̀wọ̀n nítorí ìpànìyàn. Ìlà ìka wọn ni ó yàtọ̀. Àwọn òpìtàn wí pé wọ́n ti bu iyọ̀ púpọ̀ sí ìtàn yìí, mo sì gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ó dùn jù. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Ìgbó-Ọrà tí yóò gbọ́ ọ tí kò ní béèrè lójú ẹsẹ̀ pé, "Ṣé wọn kì í ṣe ìbejì?" Àwọn kan nínú àwọn tí ó wádìí rẹ̀ gbà pé ìbejì ni wọ́n ní tòótọ́.

Ó tọ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí gbogbo ayé ni ó ń pe Ìgbó-Ọrà ní ìlú ìbejì, láti 2018 sì ni a ti ń ṣe ọdún ìbejì tí àwọn àlejò ń wá wò. Dókítà P. P. S. Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó rí i pé ní ìhà tiwa yìí, nínú 1,000 ìbímọ, ìbejì a máa tó 45 sí 50. Ní Yúróòpù ti àkókò náà, bí 12 ni. Àwọn kan ní ọbẹ̀ ìlasa ni, àwọn kan ní àmàlà ni. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí oúnjẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹyin méjì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìbejì wa ti wá, wọn kò sì jọra ju bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti ń jọra lọ. Àwọn tí ó ti inú ẹyin kan ṣoṣo tí ó pín sí méjì wá kò ju bí 4 lọ nínú 1,000, bákan náà ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ní gbogbo àgbáyé.

Àwọn mélòó kan wọ̀nyí ni wọ́n ń dán ẹ̀rọ wò. Ẹ̀rọ tí ń wo ojú a máa ṣì wọ́n mú fún ara wọn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ tí àwọn onímọ̀ ń lò fún ọ̀daràn pàápàá kì í sábà yà wọ́n. Ṣùgbọ́n ìlà ìka a máa yà wọ́n. Ìlà náà ń hù nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, ó sì ti dúró kí oyún tó pé oṣù mẹ́fà tán. Bí ọlẹ̀ ti dùbúlẹ̀, bí omi ti yí i ká, bí ìka kékeré ti ń kan ara ilé ọmọ, gbogbo rẹ̀ ni ó ń darí ìlà náà. Bí ẹni méjì tilẹ̀ jọ sùn nínú ikùn kan náà, wọn kò sùn sí ojú kan náà.

Ní ilẹ̀ wa, ìtẹ̀ka jẹ́ ti ẹni tí kò mọ̀wé. Yíǹkì dúdú, àtàǹpàkò, ìwé ilẹ̀, ìwé ẹjọ́. Ìtìjú díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bàbá ni ó rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé kí ọmọ náà má baà di ẹni tí ń tẹ ìka bíi tòun. Ẹ wá wo bí ayé ti yí. Báńkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ BVN ní oṣù kejì 2014. Àjọ NIMC, tí òfin 2007 dá sílẹ̀, ń gba ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fún NIN. Ní oṣù kejìlá 2020 ìjọba pàṣẹ pé kí a so NIN mọ́ nọ́ńbà fóònù. Àwọn tí wọ́n ti gba NIN ti kọjá 100 mílíọ̀nù. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń tẹ ìka, adájọ́ ń tẹ ìka. N kò ní sọ pé kò wúlò. Ní 2016, BVN ni ìjọba àpapọ̀ fi yọ nǹkan bí 24,000 orúkọ tí kò tọ́ kúrò nínú ìwé owó oṣù, èmi tí mo sì ti jókòó dúró de owó oṣù rí mọ ohun tí ìyẹn já sí.

Ní ti ilé-ẹ̀kọ́, láti 2021 ni JAMB ti sọ NIN di dandan fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, ọjọ́ ìdánwò sì nìyí, ìka ni ń ṣílẹ̀kùn. Ó lé ọ̀pọ̀ àwọn afowóṣèdánwò lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ ṣe màgòmágó kì í sùn. Ìgbìmọ̀ tí JAMB gbé kalẹ̀ jábọ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2025 pé àwọn rí 4,251 ọ̀ràn níbi tí wọ́n ti da ìka ẹni méjì pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, àti 190 níbi tí wọ́n ti fi ọgbọ́n kọ̀ǹpútà da ojú ẹni méjì pọ̀ di àwòrán kan, kí ẹ̀rọ lè gba àwọn méjèèjì. Wọ́n fi owó ṣe ìbejì tí ẹnikẹ́ni kò bí. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ọjọ́ ìdánwò ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ibi náà. Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ni, lọ́wọ́ akọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n sún mọ́ wa ju bí a ti rò lọ. Ní òru ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá 2021, àwọn agbébọn fi ohun abúgbàmù fọ́ ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n Abọ́lọ́ńgọ́ ní ìlú Ọ̀yọ́. Àwọn 837 ni wọ́n tú síta, gbogbo wọn ni wọ́n ṣì ń dúró de ìdájọ́. Wọn kò fọwọ́ kan ibi tí àwọn tí a ti dájọ́ fún wà. Wọ́n tún rí púpọ̀ mú padà. Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà, Ọ̀gbẹ́ni Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá, fi àwọn ará ìlú lọ́kàn balẹ̀ pé àkọsílẹ̀ àwọn tí ó sá wà lọ́wọ́ ìjọba. Bákan náà, nígbà tí omíyalé wó ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n Maiduguri ní oṣù kẹsàn-án 2024 tí ènìyàn 281 sì sá lọ, àwọn aláṣẹ ní ìtẹ̀ka àti àmì ara wọn wà nínú ìwé àwọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sá wọ abúlé oko kan ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Ayétẹ̀, ta ni yóò gbé ẹ̀rọ tọ̀ ọ́ lọ? Ohun kan tún wà tí ó ń dùn mí. Nínú ẹni mẹ́ta tí ó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ wa, bí méjì ni kò tíì gba ìdájọ́. Ìka irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ẹ̀wọ̀n ń sọ pé ó dé ibẹ̀. Kò sọ pé ó ṣe é.

Ọdún 2021 yìí kan náà ni wọ́n kọlu Ìgàngán ní òru ọjọ́ 5 oṣù kẹfà, tí ẹ̀mí ṣòfò tí ilé sì jóná. Kò sí ilé kan ní Ìbàràpá tí kò gbọ́ ẹkún náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ọ ní ìpàdé pé kí a gba ìka gbogbo àlejò tí ó bá wọ ìlú. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́, n kò sì lè dá ẹni tí ẹ̀rù ń bà lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wá ní òru ọjọ́ náà kò gba ẹnu ọ̀nà tí wọn ì bá ti tẹ ìka. Ẹni tí yóò dúró tẹ ìka ni ẹni tí ó wá ra gàrí.

Ẹ̀rọ a máa ṣì ènìyàn mú pẹ̀lú, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà àti London, ọ̀rọ̀ yín nìyí. Lẹ́yìn tí bọ́ǹbù dún nínú ọkọ̀ ojú irin ní Madrid ní oṣù kẹta 2004, àwọn ọlọ́pàá àpapọ̀ Amẹ́ríkà sọ pé ìka tí wọ́n rí jẹ́ ti Brandon Mayfield, agbẹjọ́rò kan ní Oregon. Wọ́n tì í mọ́lé fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, títí àwọn ọlọ́pàá Sípéènì fi rí i pé ìka ọmọ Algeria kan ni. Ìjọba tọrọ àforíjì, wọ́n sì san 2 mílíọ̀nù dọ́là fún un ní 2006. Ní oṣù kìn-ín-ní 2020, ọlọ́pàá Detroit mú Robert Williams, aláwọ̀ dúdú, níwájú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tí ń wo ojú ní òun ni ó jí aago. Òun kọ́. Ní 2018, Joy Buolamwini, tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà, ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀: nígbà tí ó dán àwọn ẹ̀rọ tí ń wo ojú láti sọ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni ènìyàn wò, ọ̀kan ṣì í sọ lórí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó bí 35 nínú 100, nígbà tí àṣìṣe lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun kò tó 1.

Nílé níhìn-ín, àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù kì í ṣe pé ẹ̀rọ pe ènìyàn ní ẹlòmíràn, bí kò ṣe pé kò mọ̀ ọ́n rárá. Ẹ lọ sí ibi tí àwọn ìyá wa ti ń bó pákí, tí wọ́n ń yan gàrí, kí ẹ wo ìka wọn: ó ti jọ̀lọ̀ bí òkúta odò. Àgbẹ̀ tí ó ti fi ogójì ọdún di ọkọ́ mú kò ní ìlà tí ó kù. Bí wọ́n bá dé ibi ẹ̀rọ, wọn a nu ọwọ́ sára aṣọ, wọn a fi omi pa á, wọn a tún gbé e lé e, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n jẹ̀bi. Kì í sì í ṣe tálákà nìkan. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta 2015, ní Otuoke, ẹ̀rọ àjọ elétò ìdìbò kọ ìka Ààrẹ Goodluck Jonathan lójú gbogbo ayé, ìwé ni wọ́n fi dá a mọ̀ kí ó tó dìbò. Ààrẹ rí ẹni dá a mọ̀. Ìyá tí ó wá láti abúlé nínú ẹkùn wa yìí ńkọ́, bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kò bá sí níbẹ̀?

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹgbẹ́ wa pé, ní ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ èyíkéyìí ní ìlú méjèèje, kí a yan olùkọ́ kan àti àgbà obìnrin kan tí ó mọ ojú ará àdúgbò láti jókòó ti akọ̀wé, kí wọ́n máa ka orúkọ sókè kí ó tó tẹ̀ ẹ́, kí ọmọ àti òbí sì gbọ́. Kò ní ná wa ju owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ fún bàbá àwọn ìbejì pé kí ó má ṣe é. N kò ní purọ́ pé ó rọrùn láti sọ, nítorí ọmọ mi kọ́ ni yóò jókòó sílé ní ọdún kan. Ó dákẹ́ pẹ́, ó ní, "Ẹ ṣeun, Tíṣà," ó sì lọ. Kẹ́hìndé náà gbé ìka tirẹ̀ lọ ní ọjọ́ tirẹ̀, ẹ̀rọ kọ òun náà. A kọ ìwé ẹ̀hónú, ìdáhùn dé lẹ́yìn tí ìdánwò ti parí. Àwọn méjèèjì jọ lọ sí oko pẹ̀lú bàbá wọn títí ọdún fi yí po.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ìyá wọn fúnra rẹ̀ ni ó mú wọn lọ forúkọ sílẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù pupa fún Táyéwò, ó wọ aláwọ̀ ewé fún Kẹ́hìndé, ó sì dúró lẹ́yìn àga akọ̀wé. Nígbà tí wọ́n ní kí ó bọ́ síta pẹ̀lú àwọn òbí yòókù, ó ní òun kò lọ. Wọ́n fi í sílẹ̀. Bí akọ̀wé ti gbé ọwọ́ ọmọ kìn-ín-ní lé ẹ̀rọ, ó na ìka sí orúkọ tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè kà á, ó ní, "Kí ni ẹ kọ síbẹ̀ yẹn? Ẹ kà á sí mi létí."